Ṣé Dandan Ni Kí A Gbéyàwó Kí A Tó Kọ́lé?

A lọ sí ìsìn ìyàsímímọ́ ilé kan ní agbègbè Mowe láìpẹ́ yìí. Ilé oníyàrá méjì ni. A kò tíì kun ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, pákó ni wọ́n sì fi dí fèrèsé ilé ìdáná. Ẹni tí ó ni ín jẹ́ arábìnrin kan tí ó ti lé ní ogójì ọdún, tí kò tíì lọ́kọ, tí ó sì fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́ ilé náà. A kọrin, a yọ̀, a jẹ, a mu. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àdúrà tí a gbà lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a dúpẹ́ nítorí ilé. Àdúrà ọkọ ni a gbà lẹ́ẹ̀mẹta. Alàgbà kan tilẹ̀ bẹ Olúwa pé kí ó tètè rán ẹni tí yóò wá di olórí ilé náà, gbogbo ènìyàn sì ṣe àmín kíkankíkan. Arábìnrin náà ṣe àmín pẹ̀lú wa. Nígbà tí a ń bá a to àga jọ lẹ́yìn ìsìn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin ará, ṣé ilé tí mo kọ́ yìí kò tíì lórí ni?"

Ìbéèrè yẹn ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí.

A kò kọ ọ́ láti bẹnu àtẹ́ lu àdúrà ọkọ tàbí aya. Ìgbéyàwó dára, Ọlọ́run ni ó dá a sílẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń wá a, kí Olúwa fún un. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni pé nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa, a ti so ilé mọ́ ìgbéyàwó débi pé ẹni tí kò bá tíì ṣe ọ̀kan, a kì í fẹ́ kí ó dáwọ́ lé èkejì. A ń sọ fún arákùnrin pé kí ó kọ́kọ́ fẹ́ ìyàwó, kí orí ìyàwó lè bá a kọ́lé. A ń sọ fún arábìnrin pé bí ó bá kọ́lé, ọkùnrin yóò sá fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún. Èrò wa ni pé ìmọ̀ràn yìí ń ná àwọn ọmọ ìjọ wa ní owó, àti pé ó ti mú kí ohun ìní àwọn mìíràn bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní i lọ́kàn láti jalè.

Òfin kò béèrè òrùka lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀. Abala 43 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti ní ilẹ̀ àti ilé níbikíbi ní orílẹ̀-èdè yìí. Àṣà Yorùbá pàápàá kò sọ pé obìnrin kò gbọdọ̀ ní tirẹ̀. Ọmọbìnrin ń bá ọmọkùnrin pín ogún baba wọn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ẹfúnróyè Tinúbú àti Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, ní ohun ìní rẹpẹtẹ tí a kò ka mọ́ ti ọkùnrin kankan. Nínú Ìwé Mímọ́, àwọn ọmọbìnrin Selofehadi márùn-ún dìde níwájú Mósè àti gbogbo ìjọ, wọ́n béèrè ilẹ̀, Olúwa sì sọ pé ohun tí wọ́n béèrè tọ́. A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò rán wa létí orí 36 nínú ìwé Númérì, níbi tí a ti ní kí wọ́n fẹ́ ọkọ láàárín ẹ̀yà baba wọn. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ilẹ̀ ti jẹ́ tiwọn kí ọ̀rọ̀ ọkọ tó délẹ̀, àti pé nítorí kí ilẹ̀ má baà bọ́ kúrò nínú ẹ̀yà wọn ni a ṣe fi òfin sí ọ̀rọ̀ ọkọ náà.

Ẹni tí kò bá tíì ní ilé tirẹ̀, ayálégbé ni, ibẹ̀ sì ni ìyà àwọn tí kò tíì gbéyàwó ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí arábìnrin kan tí ó ti dá wá ilé rí ní Èkó tí kò mọ ìbéèrè yìí: "Ọkọ yín ńkọ́?" Onílé kan yóò ní òun kì í gba obìnrin tí kò lọ́kọ, nítorí pé àlejò ọkùnrin yóò pọ̀. Òmíràn yóò ní òun kì í gba àpọ́n, nítorí pé ariwo yóò pọ̀. Díẹ̀ lára àwọn onílé wọ̀nyí ń jókòó lórí àga iwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. A mọ àwọn arábìnrin tí wọ́n ti bẹ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pé kí ó wá ṣe bí ọkọ fún wákàtí kan, lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ rí onílé. Irọ́ ni, a kò sì gbà á níyànjú. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́ wọn ní irọ́ náà? Òfin Ayálégbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 ka gbígba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun sí ẹ̀ṣẹ̀, yàtọ̀ sí àwọn àdúgbò bí Ìkòyí àti Apapa tí ó yọ sílẹ̀. Síbẹ̀ owó ọdún méjì ni ọ̀pọ̀ onílé ń béèrè, pẹ̀lú owó éjẹ́ǹtì àti owó àgírímẹ́ǹtì lórí rẹ̀. Tọkọtaya tí àwọn méjèèjì ń gba owó oṣù lè pín ẹrù yìí gbé. Ẹni kan ni yóò dá a rù.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti owó gan-an, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn "dúró ná" ti ń ṣe ìpalára jù, tí a kì í sì í rí i.

Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ojú rí láti ọdún 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún, tí náírà sì jábọ́ ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àpò símẹ́ǹtì kan ti ń tà ju ₦10,000 lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní oṣù keje ọdún 2024 ni a sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ di ₦70,000. Ẹni tí ó bá ń gba iye yẹn, bí kò bá jẹun, tí kò wọ ọkọ̀, tí kò san ìdámẹ́wàá, gbogbo owó oṣù rẹ̀ kò lè ra ju nǹkan bí àpò méje lọ ní iye tí símẹ́ǹtì ń tà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, Báǹkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ dé ìdá 27.50 nínú ọgọ́rùn-ún. Báǹkì tí ó bá yá ènìyàn ní ₦10 mílíọ̀nù ní èlé ìdá 25, èlé nìkan yóò jẹ́ ₦2.5 mílíọ̀nù lọ́dún kìn-ín-ní. Ìyẹn lé ní ₦208,000 lóṣù, kí a tó dá kọ́bọ̀ kan padà nínú owó tí a yá. Ta ni yóò fi irú owó bẹ́ẹ̀ kọ́lé?

Ọ̀nà mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ wa ń dáwó sí láìmọ̀ pé ó kàn wọ́n. Òfin ọdún 1992 dá àpò owó ilé sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NHF, ó sì wà lábẹ́ àkóso Federal Mortgage Bank of Nigeria. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé a ń yọ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù wọn fún un. Ẹni tí ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe náà lè forúkọ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti dáwó fún oṣù mẹ́fà lè béèrè fún owó àyálò láti fi ra ilé tàbí láti fi kọ́ ọ, èlé tí a sì mọ̀ mọ́ ọn ni ìdá 6 lọ́dún. Gbèdéke rẹ̀, tí ó ti jẹ́ ₦15 mílíọ̀nù tẹ́lẹ̀, ti di ₦50 mílíọ̀nù. Ọgbọ̀n ọdún ni ó pẹ́ jù tí ènìyàn lè fi san án padà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ parí kí olùyáwó tó fẹ̀yìn tì.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni kí ẹ dì mú. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹni méjì tí àwọn méjèèjì fẹ́ yá ₦10 mílíọ̀nù ní èlé ìdá 6, tí wọn yóò sì fẹ̀yìn tì ní ẹni ọgọ́ta ọdún. (₦10 mílíọ̀nù kì í ra ilé gidi ní Èkó mọ́, a lò ó kí ìṣirò má baà le ni.) Ẹni ọgbọ̀n ọdún ní ọgbọ̀n ọdún láti san án, nítorí náà yóò máa san nǹkan bí ₦60,000 lóṣù. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, tí ó ti ń dúró de ọkọ tàbí aya kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, yóò sì máa san ohun tí ó lé ní ₦84,000 lóṣù. Lóòótọ́, àpapọ̀ owó tí ẹni ọgbọ̀n ọdún yóò san pọ̀ ju ti èkejì lọ. Ṣùgbọ́n owó oṣù ni ayánilówó kọ́kọ́ ń wò, kì í sì í fẹ́ kí owó ìsanpadà kọjá ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ nílò kí owó oṣù rẹ̀ tó ₦180,000; ẹni kejì nílò kí tirẹ̀ lé ní ₦250,000. Ilé kan náà ni, owó kan náà ni. Ọdún tí a ní kí ó fi dúró ni ó sọ ọ́ di ẹni tí kò lè yá a mọ́.

Àwọn tí owó ìfẹ̀yìntì wọn wà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tí PenCom ń ṣe àkóso tún ní ànfààní kan. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni àjọ náà ti fi àyè gba òṣìṣẹ́ tí ó ti dáwó fún ọdún márùn-ún ó kéré tán, pé kí ó mú tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ láti fi ṣe owó àkọ́san lórí ilé tí ó fẹ́ fi owó àyálò rà. Àwọn tọkọtaya lè jọ béèrè. Ẹni tí ó dá wà náà lè dá béèrè.

A kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ọ̀nà wọ̀nyí kò gbòòrò. Owó àyálò irú èyí ń fẹ́ ilé tàbí ilẹ̀ tí ìwé rẹ̀ dúró ṣinṣin, èyí tí a rà lọ́wọ́ ẹbí pẹ̀lú rìsíìtì lásán kì í sì í tó. Bí a bá sì ní kí ènìyàn yá ₦50 mílíọ̀nù náà tán pátá fún ọgbọ̀n ọdún, nǹkan bí ₦300,000 ni yóò máa san lóṣù. Owó oṣù mélòó ni ó gbà á mọ́ra láìsí èkejì? Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa fi ń kọ́ ilé wọn bí ti arábìnrin wa ní Mowe: ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ lọ́dún yìí fún ìpìlẹ̀, àjọ lọ́dún tí ń bọ̀ fún búlọ́ọ̀kù, kí a dúró díẹ̀, kí a tún bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ohun kan tilẹ̀ wà tí ó yẹ kí àwa ará ìjọ fi ojú inú wò. Ẹni tí kò gbéyàwó ni gbogbo ènìyàn ka sí ẹni tí owó ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ẹbí yóò ní, "Kí ni ò ń fi owó ṣe? O kò sanwó ilé ìwé ọmọ." Nípa bẹ́ẹ̀ ni owó ilé ìwé àbúrò, ìwòsàn ìyá, àti aṣọ ẹbí fi ń já lé e léjìká. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bí ìkórè bá dé, òun ni a ń fi sínú ìgbìmọ̀, òun ni a ń pín ìwé ìbẹ̀bẹ̀ fún. A fẹ́ràn ìkórè, a kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni má dáwó. Ṣùgbọ́n ìjọ tí ó bá ń gba owó ilé lọ́wọ́ àpọ́n lọ́dọọdún kò ní ẹnu láti fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ pé kò tíì kọ́lé.

Nísinsìnyí, a dé orí ọ̀rọ̀ tí ó dùn wá jù. Ilé Mowe yẹn kọ́ ni ohun ìní àkọ́kọ́ tí arábìnrin wa rà. Nígbà tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó ti ra ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì kan ní ibòmíràn. Àwọn àgbà ilé wọn sọ fún un pé ọmọ onílẹ̀ kò ní ka ọmọdébìnrin sí, àti pé bí ọkọ rẹ̀ lọ́la bá gbọ́ pé ó ti nílẹ̀, yóò rò pé ó ti le jù. Wọ́n ní kí ó jẹ́ kí a fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sí rìsíìtì, pé ẹbí kan náà ni, kò sí ohun tí yóò sọnù. Ó gbà. Ó ka owó náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, kò gba báǹkì kọjá. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n náà kú lójijì. Nígbà tí wọ́n kó ìwé olóògbé jáde, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ rí rìsíìtì ilẹ̀ tí orúkọ baba wọn wà lórí rẹ̀.

Kí ni a fẹ́ kí opó náà ṣe? Kì í ṣe olè. Ọmọ mẹ́ta ni ó wà lọ́rùn rẹ̀, ọkọ rẹ̀ kò sì sọ ohunkóhun fún un rí. Ẹbí pàdé lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá wọn nìkan ni ó mọ̀ sí i tí ó ṣì wà láyé, ìyá sì wà láàárín ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Agbẹjọ́rò sọ fún arábìnrin wa pé kọ́ọ̀tù lè gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí ó bá fi ẹ̀rí hàn pé owó òun ni a fi rà á; ẹ̀rí ni kò sí. Ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ó sọ fún wa pé kì í ṣe ilẹ̀ ni ó pa òun lẹ́kún, bí kò ṣe pé òun àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun, tí wọ́n ti jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin kan náà, kò lè wo ojú ara wọn fún ọdún púpọ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí mọ irú ọ̀rọ̀ báyìí nínú ẹbí tiyín. Nítorí náà, a sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: ẹni tí ó sanwó ni orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé. Bí arábìnrin bá ń bẹ̀rù láti dá lọ bá ọmọ onílẹ̀, kí ó mú ẹ̀gbọ́n dání, kí ó mú alàgbà ìjọ dání, kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ni kí ọkùnrin náà jẹ́, kí ó má ṣe jẹ́ olùrà.

Wòlíì Jeremáyà ni àpẹẹrẹ wa. A kì í sábà rántí pé àpọ́n ni. Olúwa tìkára rẹ̀ ni ó ní kí ó má ṣe fẹ́ ìyàwó. Síbẹ̀, nígbà tí ó wà ní àhámọ́, tí ogun Bábílónì sì ti yí Jerúsálẹ́mù ká, ó ra pápá Anatoti lọ́wọ́ Hanameeli, ọmọ arákùnrin baba rẹ̀. Ẹbí ni ẹni tí ó tà á, wòlíì Ọlọ́run sì ni ẹni tí ó rà á, ṣùgbọ́n wọn kò fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe é. Ó wọn ṣékélì fàdákà mẹ́tàdínlógún. Ó kọ ìwé, ó pe ẹlẹ́rìí, àwọn ẹlẹ́rìí sì kọ orúkọ wọn. Ẹ̀dà méjì ni, ọ̀kan tí a fi èdìdì dì àti ọ̀kan tí a ṣí sílẹ̀. Ó fi wọ́n lé Bárúkù lọ́wọ́ níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní kí ó kó wọn sínú ìkòkò amọ̀, kí wọ́n lè pẹ́. A ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí ìgbàgbọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí. Ó wù wá kí a gbọ́ ọ̀kan lórí ìwé rẹ̀.

Ní ti ìwé òní, àwọn nǹkan díẹ̀ wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbójú fò. Ilẹ̀ ẹbí ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń rà. Bí olórí ẹbí kò bá sí nínú títà ilẹ̀ ẹbí, títà náà kò dúró rárá lójú òfin. Bí olórí ẹbí bá sì dá tà á láìsí àwọn àgbà ẹbí yòókù, àwọn yẹn lè bẹ kọ́ọ̀tù pé kí ó fagi lé e. Nítorí náà, ìbuwọ́lù ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó gun ọ̀kadà wá kò tó, bí ó ti wù kí ó pariwo tó. Kí a tó sanwó, kí awọnlẹ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ wọn ilẹ̀ náà, kí a sì mú ìwé sọ́fè lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, ní Alausa fún ti Èkó, ní Òkè-Mósàn fún ti Ògùn, ní Agodi fún ti Ọ̀yọ́, láti mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí abẹ́ gómìnà, ìdí sì nìyẹn tí ilẹ̀ tí ó ti ní C of O fi nílò ìyọ̀ǹda gómìnà bí a bá tún tà á fún ẹlòmíràn. Ní ti àwọn ajagungbalẹ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ní ọdún 2016 tí ó sọ fífi agbára gba ohun ìní ẹlòmíràn di ọ̀ràn. Owó ìpìlẹ̀ àti owó òrùlé tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń gbà kò tíì tán nílẹ̀ nítorí òfin náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ìwé rẹ̀ pé ní ibi tí ó lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Àwọn àfẹ́sọ́nà náà ńkọ́? A rí àwọn tí wọ́n ń jọ ra ilẹ̀ kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, kí orúkọ àwọn méjèèjì wà níbẹ̀, pẹ̀lú iye tí olúkúlùkù mú wá. Bí ìbáṣepọ̀ bá forí ṣánpọ́n, ìwé nìkan ni kò ní bínú.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìhágún kì í dùn létí, pàápàá létí ẹni tí kò tíì bímọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí kò lọ́mọ bá kú láìkọ ọ́, àṣà wa fi ohun ìní rẹ̀ fún àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Ọmọ tí ó gbà tọ́, ọ̀rẹ́ tí ó tọ́jú rẹ̀ nínú àìsàn, ìjọ tí ó fẹ́ràn, kò sí èyí tí yóò rí ohunkóhun gbà. Kì í ṣe ohun ńlá láti kọ ìwé ìhágún: kí a buwọ́ lù ú níwájú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀, kí ẹni tí a há ogún fún má sì ṣe jẹ́ ẹlẹ́rìí, nítorí pé ìpín rẹ̀ yóò sọnù. Ẹ sì fi èyí sọ́kàn: bí ẹni tí ó ti kọ ìwé ìhágún bá ṣe ìgbéyàwó alárédè, ìgbéyàwó náà fagi lé ìwé tí ó ti kọ ṣáájú. Kí ó tún un kọ. Ilé tí ó wà ní orúkọ rẹ̀ kò di ti ẹlòmíràn nítorí ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n ìwé ìhágún rẹ̀ ti di àlòkù.

Ẹ̀yin àlùfáà wa, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú sí ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Ẹ̀yin náà mọ ìrora yìí ju ọ̀pọ̀ lọ. Ìránṣẹ́ Ọlọ́run yóò gbé ilé míṣọ̀n fún ọgbọ̀n ọdún, a óò máa gbé e láti ìlú dé ìlú, nígbà tí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì bá sì kù sí dẹ̀dẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé yíyá, pẹ̀lú ìwé púpọ̀ àti àga díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí kò gbéyàwó tàbí opó, kò sí owó oṣù ẹlòmíràn tí yóò gbé e dúró. Ẹni tí ó mọ èyí lára ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ fún ọ̀dọ́ ìjọ rẹ̀ pé kí ó bẹ̀rẹ̀ báyìí. Àwọn ìjọ wa ní agbẹjọ́rò, a ní awọnlẹ̀, a ní òṣìṣẹ́ báǹkì tí ó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kò lò ju láti ka ẹ̀kọ́ kejì ní ọjọ́ ìsìn lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ìdajì ọdún, tí wọn yóò fi bá àwọn ọmọ ìjọ yẹ ìwé ilẹ̀ wò kí wọ́n tó sanwó, kò ní ná ìjọ ní ohunkóhun ju iná gẹnẹrétọ̀ lọ. Kí a sì ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Bí a bá pè é ní ìpàdé tọkọtaya, àwọn tí ó nílò rẹ̀ jù yóò jókòó sílé.

Ní ọjọ́ ìyàsímímọ́ yẹn, lẹ́yìn tí àwọn àlejò ti lọ, arábìnrin wa mú fáìlì kan jáde láti abẹ́ ibùsùn. Rìsíìtì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé àdéhùn tí olórí ẹbí àti àwọn àgbà mẹ́ta buwọ́ lù, àti ìwé sọ́fè. Orúkọ rẹ̀ ni ó wà lórí gbogbo wọn. Ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ agbẹjọ́rò. Ẹ̀dà kejì, ó ní, wà lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun, tí ó wá bá wa jọ́sìn lọ́jọ́ náà, tí ó sì jẹ́ òun ni ó se ìrẹsì tí a jẹ. Ògiri ẹ̀yìn yóò di kíkùn lẹ́yìn Àjíǹde, nígbà tí àjọ bá kàn án.